Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Fẹ̀sùn Kan Olóòótọ́

Olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àǹfààní. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àlùfáà ni wọ́n ké sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe alábòójútó ìjọ ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó fún ọdún pípẹ́ yóò mọ̀ pé kò sí ọ̀ràn tí kì í kan ilẹ̀kùn àlùfáà. Àìsàn ń kàn án, ìjà ilẹ̀ ń kàn án, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ń kàn án. Ní ayé òde òní, kọ̀ǹpútà náà ti ń kàn án.

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gba títì márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Benin ni ó mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé títì ńlá náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó bá ń ṣòjòjò lójú ọ̀nà ni ó máa ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà a kò ṣe aláìní mẹkáníìkì. Oríṣi mẹkáníìkì méjì ni mo ti rí. Ọ̀kan yóò tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí ó tó béèrè ohun tí ó ṣe ọkọ̀. Yóò pààrọ̀ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá sì dáhùn, kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé, "Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Kí ni ẹ ṣe sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀?" Yóò ní kí wọ́n tan ọkọ̀ kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni yóò tọ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Irú mẹkáníìkì kejì yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, nítorí mo ti rí ibi tí àìsí irú rẹ̀ fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe idán. Àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ fún ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ yóò ṣe ohun tí a kọ, kì í ṣe ohun tí a ní lọ́kàn. Bí àbùkù bá wà nínú àṣẹ náà, kòkòrò ni àwọn onímọ̀ máa ń pè é. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí àfòpiná kan tí ó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń lo orúkọ náà fún àbùkù ṣáájú ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ti Harvard yìí ni kòkòrò abìyẹ́ gan-an. Àgbẹ̀ kòkó ní Odígbó kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́ kì í pariwo. Ara èso tí ó bàjẹ́ ni a ti ń mọ̀ pé ó ti débẹ̀.

Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní agbègbè wa, àwọn ọmọ ìjọ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀. Àgbẹ̀, oníṣòwò, olùkọ́ àti awakọ̀ ni wọ́n. Ọmọbìnrin kan tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún ni akọ̀wé owó wọn. Bí ẹnìkan bá san owó, yóò kọ rìsíìtì fún un, yóò tẹ iye owó àti ọjọ́ tí ó san án sínú kọ̀ǹpútà, yóò sì kó owó náà fún akápò, ẹni tí yóò gbé e lọ sí báńkì pẹ̀lú owó ìjọ yòókù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Àkúrẹ́ ni ó kọ ètò tí wọ́n ń lò. Ètò náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó wà ní ọ́fíìsì ìjọ ni ó ń gbé. Ó ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún kan láìsí ìjàngbọ̀n.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún kan, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà kú, a sì ra tuntun. Ní ìparí oṣù kẹfà, wàhálà dé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan gba ìwé àlàyé owó wọn, wọn kò sì rí owó tí wọ́n san nínú rẹ̀. Wọ́n mú rìsíìtì wá. Ìkọ̀wé ọmọbìnrin náà ni, ìbuwọ́lù rẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà sì ní òun kò mọ owó náà rí nínú oṣù kẹfà. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀, alàgbà kan dìde, ó ní, "Ènìyàn ni ó ń purọ́, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ó gba owó, kò kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n ní kí ó lọ rọ́ọ́kún nílé, kí ó má sì bá ẹgbẹ́ akọrin jókòó mọ́ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú.

Ó wá bá mi ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyá ni ó ń sunkún. Ojú tirẹ̀ gbẹ. Ó ní, "Bàbá, gbogbo owó tí mo gbà ni mo kó fún akápò. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà. Mo fi ojú ara mi rí i pé ó wọlé."

Àwọn baba wa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìgbìmọ̀ ti gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọn kò tí ì gbọ́ tẹnu báńkì. Òfin Mósè pàápàá kò gbà kí a fi ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ènìyàn lẹ́bi. Mo bẹ ìgbìmọ̀ fún ohun mẹ́ta: kí wọ́n mú ìwé báńkì wá, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ó kọ ètò náà.

Ọ̀sán gbáko ni a fi ya owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọrẹ àti ìdámẹ́wàá nínú ìwé báńkì. Nígbà tí a ṣe é tán, iye tí ó wọ báńkì bá iye tí ó wà lórí rìsíìtì mu rẹ́gí. Owó kò sọnù. Àkọsílẹ̀ ni ó sọnù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé láti Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni èyí tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń sọ jákèjádò ayé: "Bàbá, kò ní àbùkù o. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń ṣiṣẹ́." A kò bá a jà. Gbólóhùn náà gan-an ni a ní kí ó tẹ̀lé. Bí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan, tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí èkejì, inú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni kí a ti máa wá kòkòrò náà. Ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọ. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀, ó sì fi í fún akápò kí ó pa á mọ́.

Lẹ́yìn náà, ó to àwọn rìsíìtì tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ sórí tábìlì, ó fi ọjọ́ tò wọ́n. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ kejìlá. Lẹ́yìn ọjọ́ kejìlá, kò sí ẹyọ kan tí ó sọnù. Ohun ìyanu mìíràn tún ni pé owó tí àwọn ènìyàn san ní ọjọ́ kẹfà wà ní ipò rẹ̀ láìyẹ̀. Olè wo ni ó máa ń jalè láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù títí dé ọjọ́ kejìlá, tí ó sì ń sinmi ní ọjọ́ kẹfà?

Ó wá yíjú sí ojú kọ̀ǹpútà, ó sì ka ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ sí ẹ̀gbẹ́ owó tí a san ní ọjọ́ kẹtàlá: 6/13. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, oṣù kẹtàlá kò sí."

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Àwa àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù; àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Ààyè kan wà nínú Windows tí a ti ń sọ fún ẹ̀rọ èwo nínú àṣà méjèèjì ni kí ó tẹ̀lé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń tẹ̀lé ti Gẹ̀ẹ́sì. Ti Amẹ́ríkà ni ó wà nínú tuntun nígbà tí a rà á, kò sì sí ẹni tí ó wo ibẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà tẹ 2/6, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ni ó ní lọ́kàn. Ẹ̀rọ kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù kejì. Nígbà tí ó tẹ 10/6, ẹ̀rọ gbé owó náà lọ sí oṣù kẹwàá tí kò tí ì dé. Bí ó bá tẹ 6/6, ọ̀nà méjèèjì jọra, kò sí ewu. Bí ó bá sì tẹ 13/6, ẹ̀rọ rí i pé kò sí oṣù kẹtàlá, ó yí i padà fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Àtúnṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti kọ̀ tí ó sì pariwo, ìjọ ìbá ti mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà pé nǹkan kò gún.

Ọmọbìnrin náà kò sì purọ́ nígbà tí ó ní òun rí i pé owó wọlé. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ gbà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, 2/6 ni ó tún kọ padà sójú kọ̀ǹpútà ní àṣà Amẹ́ríkà, bí ó ti tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí ètò máa kọ oṣù ní lẹ́tà dípò nọ́ńbà. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo owó tí ó sọnù fara hàn: ọ̀kan wà ní oṣù kejì, òmíràn ní oṣù kẹta, òmíràn ní oṣù kejìlá, gbogbo wọn pátá ní ọjọ́ kẹfà oṣù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Kò kàn yí gbogbo ọjọ́ padà, nítorí èyí tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tọ̀nà. Bí ó bá fi ìwàǹwára yí wọn, yóò ba ọdún kan gbáko jẹ́. Èyí tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tuntun nìkan ni ó mú, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé rìsíìtì kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ó tún ètò náà ṣe kí ènìyàn máa fi orúkọ yan oṣù, kí ẹ̀rọ sì máa pa á mọ́ ní ìlànà tí ó fi ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ kẹ́yìn. Ìlànà àgbáyé ni èyí. Láti ọdún 1988 ni ó ti wà lábẹ́ orúkọ ISO 8601. Kò rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti ṣì í kà.

Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà pé kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti pè mí ní olè, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé n kì í ṣe olè." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Alàgbà tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni ó dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́ tí ó sì tọrọ gàárì. Ó padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò gba iṣẹ́ akọ̀wé owó mọ́.

Mo ti bá àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ tí ń kọ ètò sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, mo sì rí i pé àwọn ìṣòro tí ń dà wọ́n láàmú kò pọ̀ púpọ̀. Aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀. Ọ̀kan ni ti orúkọ wa. Nínú Unicode, ìlànà tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ́: a lè mú ẹ kí a fi àmì ohùn sí i lórí, a sì lè mú é kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀. Ẹ̀rọ rí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, opó kan tí ń jẹ́ Ṣadé tàbí Bọ́sẹ̀ lè wà nínú ìwé orúkọ àwọn tí a ó fún ní ìrẹsì Kérésìmesì, kí akọ̀wé wá orúkọ rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì dáhùn pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí olùkọ ètò sọ ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan kí ó tó fi orúkọ wé orúkọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìlànà lẹ́tà àtijọ́ ni ètò náà ń lò, àmì ìbéèrè ni yóò rọ́pò lẹ́tà wa. Bí a bá sì ti pa á mọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ gidi ti sọnù nìyẹn.

Òmíràn ni ètò tí ó dákú lójú wa, tí a ń tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò kú. Ẹnìkan náà tí ń dá wa lóhùn ni a rán lọ ka àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá. Kò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Kí a gbé iṣẹ́ ńlá fún ọwọ́ mìíràn nínú ètò náà. Òmíràn tún ni ètò tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé olùkọ rẹ̀ tí ó kọ̀ láti ṣí ní ilé oníbàárà, nítorí pé ohun èlò kan tí ó gbára lé kò bá a rin ìrìn àjò. Iná tí ń lọ lójijì kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ètò tí a bá kọ fún Ọ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pa iṣẹ́ mọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe dúró de ìparí ọjọ́.

Èyí tí mo kórìíra jù ni àṣà àwọn kan tí wọ́n máa ń kọ àṣẹ pé bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀rọ gbé e mì kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Wọn kò fẹ́ kí ojú oníbàárà rí ohun tí kò dára. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí àṣìṣe sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ ka ohun tí ó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó pa fèrèsé rẹ̀ dé. Ẹ wá ọ̀nà tí yóò fi tún ṣẹlẹ̀ lójú yín, nítorí àìsàn tí dókítà kò rí ṣòroó wò. Ẹ ṣe ẹ̀dà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wo àbájáde rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọ̀rọ̀ abúlé ni mo ń sọ, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Horizon ní àwọn ọ́fíìsì kéékèèké. Ètò náà ń sọ pé owó kò pé lọ́wọ́ àwọn alábòójútó. Láàárín ọdún náà sí 2015, àwọn tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí rẹ̀ lé ní 900. Àwọn kan ta ilé, àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n; oyún wà nínú Seema Misra nígbà tí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ní 2010. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́rìí pé wọ́n sọ fún àwọn pé àwọn nìkan ni ó ń ráhùn. Ọkùnrin kan, Alan Bates, kò gbà. Ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n pẹjọ́, ní oṣù kejìlá ọdún 2019 ni adájọ́ sì sọ pé àbùkù wà nínú ètò náà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ẹ̀bi 39 nínú wọn ní 2021; ní 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin láti wẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn yòókù mọ́. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Láti 1999 sí 2019, ogún ọdún géérégé ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kú kí òtítọ́ tó bá a.

Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1999 ti mú kúrò pé kí ẹni tí ó mú ẹ̀rí kọ̀ǹpútà wá fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáradára. Ní ti wa, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ṣì ń béèrè pé kí a fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ ní àkókò tí ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tí òfin béèrè ní kóòtù yìí, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè rẹ̀ ní ìgbìmọ̀ ìjọ, ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti ní ọ́fíìsì wa.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ní ọdún àjọ̀dún yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ń fi owó ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé wa, ẹ fi owó olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń wá àbùkù kún un. Ìtẹ̀wé nìkan kò tó. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ yín bá jókòó ti ètò kan láti òwúrọ̀ dé alẹ́ nítorí àmì kékeré kan, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Sùúrù ni ó ń kọ́. Ẹ̀yin tí owó tàbí ìwé orúkọ wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ má ṣe da ìwé rìsíìtì nù nítorí pé ẹ ti ní kọ̀ǹpútà. Òun ni ẹlẹ́rìí kejì tí ó gba ọmọbìnrin wa sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé-ìwé wa, kí ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ojú tí ń rí kúlẹ̀kúlẹ̀, kí ó sì pa orúkọ rere wa mọ́. Àmín.